Ọwọ́ Sìkírá Ò Tíì Kan Etí

Èmi ni mo kọ́ Sìkírá bó ṣe máa ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí n tó sọ bí Èkó ṣe ṣe mí lóore, torí oore náà pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó bo ẹ̀bi mi mọ́lẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé nìyẹn. Bí kò bá kan án, ìyá ẹ̀ á fà á padà sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọn kì í sábà béèrè ọjọ́ ìbí, torí ọ̀pọ̀ ìyá ni kò kọ ọ́ síbì kankan. Wọ́n á ní ìgbà tí ogun ń parí lọ ni àwọn bí èyí, ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn bí tọ̀hún. Ọ̀gá ilé-ìwé ò ní àyè ìyẹn. Ọwọ́ àti etí ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tó gbé èjìká sókè, tó ki àgbọ̀n bọ àyà, ọwọ́ tí kò lè dé á dé. Èmi ni mo rí ọgbọ́n yẹn. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ bí ẹní ń kọ́ wọn léré, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ́ wọn. Pé inú mi dùn sí i, ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé ni mo bá wá sí Èkó. Abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé mẹ́fà, ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí. Ẹ̀gbọ́n Rájí, ọmọ ìlú wa tó ń ṣe káfíńtà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ló gbà mí pé kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Èkó kì í ṣe ọkọ̀, kì í sì í ṣe ariwo. Ìkíni ni. Nílé wa, o ò lè kọjá lára àgbàlagbà láìdọ̀bálẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi inú ọgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, mo kí i, mo bi í léèrè ọmọ àti ilé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Kí n tó kí ẹni kẹta tán, àwọn kan ti gbé korobá wọn síwájú tèmi, omi sì ti ń lọ. Bàbá kan tó ń fọ eyín níbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ará òkè, dìde ńlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ dọ̀tí.” Láti ọjọ́ náà, Ará Òkè di orúkọ mi nínú ọgbà.

A pọ̀ tí a ń sùn nínú yàrá kan. Bí mo bá na ẹsẹ̀ lóru, ara ẹlòmíràn ni yóò bá. Síbẹ̀, mi ò dá wà rí nílé bí mo ṣe dá wà nínú yàrá yẹn. Nílé, wọn kì í bi ẹ́ pé ta ni ẹ́, wọ́n á bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́. Ní Èkó, kí lò ń ṣe ni wọ́n ń béèrè. Èmi ò sì tíì mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Òòlù ń pa mí lọ́wọ́, ayùn ń gba ọ̀nà tó wù ú, Ẹ̀gbọ́n Rájí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ti gbà fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n gbé àwọn àga kéékèèké kan lọ fún obìnrin kan tó ní jẹ́lé-ó-sinmi ní àdúgbò wa. Opó ni. Ó ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá fi páànù bo iwájú ilé ara rẹ̀, tó ń gba àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn ò tíì kan etí. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí Àgbà.

Nígbà tí mo débẹ̀, igbe ló gba ibẹ̀ kan. Ẹ mọ̀ bí ọmọ kékeré ṣe rí, ọ̀kan á sunkún torí ìyá ẹ̀ lọ, èkejì á sunkún torí ọ̀kan ń sunkún. Àǹtí Àgbà nìkan ló wà láàárín wọn, ó gbé ọmọ kan sẹ́yìn, ó di ọ̀kan mú lọ́wọ́. Mo sọ àwọn àga kalẹ̀. Mo ní kí n yẹ ọ̀kan wò bóyá yóò gbà mí, torí èmi ni mo kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo rọra jókòó. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. Ọmọ kan rí mi, ó dákẹ́. Òmíràn wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, gbogbo wọn ti yí mi ká, wọ́n ń wo àgbàlagbà tó jókòó sórí àga ọmọdé.

Àǹtí Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ìwọ káfíńtà, ṣé o lè jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán?”

Mo jókòó. Ká sọ òótọ́, mi ò tíì dìde títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n Rájí kò bínú. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí igi kọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, bí ọmọ bá gbà mí kí n máa lọ. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ló fojú mi rí màbo. Ará Òkè parí, ó di Ìyá Ìbejì. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ṣé wọ́n ti jẹun? Ṣé ọmú ń wá dáadáa?” Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé èmi ni àkọ́bí ìyá mi, ẹ̀yìn mi sì ni mo fi tọ́ àwọn àbúrò mi. Bí Màámi bá lọ sóko, èmi ni mò ń pọ̀n wọ́n. Ojú máa ń tì mí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi nígbà yẹn. Mo rò pé mo fi í sílẹ̀ lábúlé ni, mi ò mọ̀ pé òun ni ẹrù tí mo gbé wá sí Èkó.

Àǹtí Àgbà kọ́ mi níṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí n sọ ojú mi kalẹ̀ dé ibi tí ojú tiẹ̀ wà. Ó ní kí n má máa sọ fún ẹni tó ń sunkún pé kó dákẹ́, kí n sọ pé mo ti gbọ́. Ó kọ́ mi láti mọ ọmọ tí ebi ń pa yàtọ̀ sí èyí tí oorun ń kùn, àti èyí tí ìbẹ̀rù ń ṣe yàtọ̀ sí méjèèjì. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá. Èmi náà fi ìwọ̀nba iṣẹ́ igi tí mo mọ̀ kan pẹpẹ tí kò ga jù wọ́n lọ, kí olúkúlùkù lè mú síléètì ara rẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀. Àǹtí Àgbà wò ó títí, ó ní, “Ó wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dáa.” Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Kò sí tẹlifóònù lábúlé wa. Awakọ̀ kan tó ń kó iṣu wá sí Ọ̀yìngbò ló máa ń bá wa jíṣẹ́. Nígbà tó yá, òun náà ra rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì máa ń gba ohùn àwọn ará ilé sínú kásẹ́ẹ̀tì wá fún wa. Ọjọ́ tí ohùn Màámi kọ́kọ́ dé, mo yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ará yàrá mi, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé.

Màámi kí mi, ó kì mí, ó gbàdúrà. Ó wá béèrè pé, “Ṣé ò ń jẹun?” Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ó dáa. Ṣé ara ẹ le?” Ó tún dákẹ́. Ó wá yé mi pé ó ń retí kí ẹ̀rọ náà dá òun lóhùn ni. Bí mo ṣe dá ẹ̀rọ náà padà sẹ́yìn nìyẹn, tí mo tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè, tó dákẹ́, èmi á dáhùn. Mò ń jẹun, Màámi. Ara mi le, Màámi.

Ó wá béèrè pé irú àga wo ni mo kàn lóṣù yẹn. Èyí ni mi ò rí èsì fún. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn.

Nígbà tí awakọ̀ ń padà, mo gba ohùn tèmi sílẹ̀. Mo ní, “Màámi, mi ò kan àga mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́.” Fún gbogbo ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fi lọ tí òmíràn fi dé, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀. Ó wá ní, “Ta ló pọ̀n àwọn àbúrò ẹ? Èmi rò pé o ti gbàgbé ni.” Ọjọ́ yẹn ni orúkọ Ìyá Ìbejì kò dùn mí mọ́.

Àbí kí n sọ pé ó dín kù. Bó bá ti tán pátá ni, ohun tó kàn yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ẹsẹ̀ Àǹtí Àgbà ló wú. Dókítà ní kó má dìde fún ìgbà pípẹ́. Ó pè mí sínú yàrá, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin méjì kan ti ń bá wa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n dàgbà jù mí lọ, ara wọn ò sì gbà á. Ṣùgbọ́n Àǹtí Àgbà ní èmi ni kí n máa ṣe olórí títí òun á fi dìde. Ó ní, “Wàá ṣì í ṣe, kò sí ẹni tí kì í ṣì í ṣe. Bó o bá ti ṣì í ṣe, wá sọ fún mi. Bó o bá fi pa mọ́ ni mo máa bínú.”

Ọdún yẹn ni ìjọba sọ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìyá ló fẹ́ kí ọmọ tòun wọlé. Ojú mi sì là sí ohun kan: jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé jù ni wọ́n ń yìn jù. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin méjèèjì yẹn rí i, kí àwọn ará yàrá mi náà gbọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní eré etí nìyẹn, láràárọ̀, lẹ́yìn orin.

Sìkírá ló kéré jù nínú wọn, òun ló sì ń dá orin. Orin kan wà tí Àǹtí Àgbà ṣe fún wọn. Ẹnì kan á ké e pé, “Ta ló jí?” Gbogbo àwọn tó kù á gbè é pé, “Èmi ló jí o.” A kì í yan ẹni tó máa dá a, Sìkírá ló máa ń já a gbà. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kó tó bọ́ bàtà. Ohùn rẹ̀ jù ú lọ. Àwọn tó ń kọjá lójú títì máa ń yọjú wo irú ọmọ tó wà nídìí rẹ̀.

Kánò ni ìyá rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé. Ọṣẹ dúdú ni màmá náà ń tà ní Ọ̀yìngbò, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni a ń pè é. Ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n bí Sìkírá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ lè ṣírò rẹ̀. Àǹtí Àgbà ti ṣírò rẹ̀, ó sì ti sọ kó tó dùbúlẹ̀ pé kí a jẹ́ kó lo ọdún kan sí i.

Èmi ni mo lọ bá Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Kò bẹ̀ mí, kò béèrè. Mo sọ fún un pé Sìkírá náà lè lọ lọ́dún yìí. Ó gbé ẹrù ọṣẹ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó ti tó?”

“Ó ti tó, Màmá.”

“Bó o bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ.”

Ọjọ́ ìgbàwọlé pé. Ọwọ́ gbogbo àwọn ọmọ wa kan etí. Àwọn ìyá rọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹni tó gbé kẹrosíìnì wá ń bẹ, ẹni tó gbé ẹyin wá ń bẹ, ìyàwó alápatà kan fún mi ní ẹran. Nínú ọgbà wa, wọ́n ń pè mí ní Tíṣà. Obìnrin kan wá láti Mushin, ó ní òun gbọ́ pé ọwọ́ mi dára. Mo sọ fún Àǹtí Àgbà pé gbogbo wọn ló wọlé. Ó ní, “Sìkírá náà?” Mo ní òun náà. Ó wò mí díẹ̀, ó ní ọmọ á máa ga lójijì nígbà mìíràn. Mo dìde, mo lọ.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ wọ inú ọgbà wa nírọ̀lẹ́ láìsọ ẹrù orí kalẹ̀. Ó ní òun lọ mú Sìkírá nílé-ìwé, kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ní òun rò pé wọ́n ti wá mú un ní àkókò ìsinmi. Ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì náà, ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí, olùkọ́ ọ̀hún ò tíì mọ orúkọ wọn tán. Màmá náà sọ ohun kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọ ti ń lọ, kì í sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Àárọ̀ nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń ní inú ń run òun.

A tú síta. Ẹ̀gbọ́n Rájí pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó gba ọ̀nà Iganmu. Àwọn ará yàrá mi tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pín ara wọn káàkiri, ọ̀kan gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yìngbò, bóyá ọmọ náà wá ìyá àgbà rẹ̀ lọ sọ́jà. Èmi ń sáré láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo ibi tí mo dé ni mo ti ń sọ pé ọmọ kékeré kan ni, ó kéré gan-an, ó kéré. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Ẹni tí mo ní ó tó ni mò ń sọ pé ó kéré.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọkàn mi lọ sí yàrá ẹrù jẹ́lé-ó-sinmi wa, níbi tí a ń kó ẹní tí àwọn ọmọ ń sùn lé sí. Èmi fúnra mi ni mo tì í lọ́sàn-án, láìwo inú rẹ̀. Mo padà síbẹ̀, mo ṣí i.

Ó wà níbẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní tirẹ̀, ó sùn lé e nínú aṣọ ilé-ìwé. Ìlà ẹgba wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìtọ̀ sì ti mú aṣọ rẹ̀ tutù. Ẹkún ti gbẹ sójú ẹ̀. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú, ó dìde jókòó, ó rí i pé èmi ni. Kò sunkún. Ó gbé orí sókè gangan bí ọmọ ṣọ́jà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí, ọwọ́ náà ò sì dé ibì kankan. Ó rọra sọ fún mi pé,

“Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ mi ò kan etí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n padà wá.”

Mo ti kọ gbogbo ìyókù ìtàn yìí láìdúró, ibí yìí nìkan ni mo dúró sí.

Mo pọ̀n ọ́n lọ sílé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbà á lẹ́yìn mi, ó sì gbá a mọ́ra. Àwọn ènìyàn ń dúpẹ́, wọ́n ń ní Bọ̀ọ̀dá ṣeun, Bọ̀ọ̀dá ló rí i. Mo lè gba ọpẹ́ yẹn kí n sì máa lọ. Mo rí i pé mo fẹ́ gbà á. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, mo nà gbalaja sílẹ̀ Èkó tó dọ̀tí yẹn, mo ní, “Màmá, kò tíì tó. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa tẹ orí. Mo mọ̀ pé kò tíì tó.”

Màmá náà sọ Sìkírá kọ́ ẹ̀yìn, ó so ọ̀já. Ó ní, “Ìwọ lo ní ó tó.” Ó wọlé.

Mo lọ sọ fún Àǹtí Àgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ láti dá a padà. Kò wo kọ́kọ́rọ́.

“Yàtọ̀ sí Sìkírá, mélòó ni kò tíì tó nínú wọn?”

“Mi ò mọ̀, Mà.”

“O ò mọ̀.” Ó tún un sọ jẹ́jẹ́. “Ìyẹn ló dùn mí. Àwọn tí wọ́n sọ pé o gbọ́n ni ò ń wò, o ò wo àwọn ọmọ. Ẹni tó jẹ́ olórí ọmọdé, ọmọdé ló gbọ́dọ̀ máa wò.” Ó ní kí n lọ bá àwọn òbí láti ilé dé ilé, kí n sọ ohun tí mo ṣe, kí wọ́n fúnra wọn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, kí n wá ṣí ilẹ̀kùn ní àárọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣí i.

Mo lọ. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi ọmọ àwọn sílẹ̀ níbi tó wà, ṣé ọ̀fẹ́ kọ́ ni. Àwọn kan bú mi dé ìdí. Àwọn kan mú ọmọ wọn padà wá. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà, mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó bọ́ awò ojú, ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò rí wọn? Mo rí orí wọn tó tẹ̀. Àwọn ìyá ti pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà ni.” Ojú ti èmi àti òun lápapọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo ń ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí mo rí Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó ń bọ̀, Sìkírá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ó fi ọwọ́ ọmọ náà sínú ọwọ́ mi, ó gbé ẹrù ọṣẹ rẹ̀, ó lọ sọ́jà. Mi ò tíì gba ẹ̀bùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ẹsẹ̀ Àǹtí Àgbà ò padà bọ̀ sípò. Nígbà tó rí i pé òun ò lè dúró mọ́, ó pe gbogbo òbí jọ, ó ní òun fẹ́ fa iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ariwo sọ. Bàbá kan tó jẹ́ télọ̀ dìde, ó ní ṣé ọkùnrin ló máa jẹ́ olórí jẹ́lé-ó-sinmi, ọkùnrin náà tún ni ẹni tó kọ́ ọmọ ní màgòmágó. Òótọ́ ló sọ, mi ò sì lè já a nírọ́. Mo tẹ orí wálẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

“Èmi ni Bọ̀ọ̀dá ṣẹ̀ jù nínú gbogbo wa. Òun ló wá sọ fún mi fúnra ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Bàbá télọ̀, aṣọ mi tí ẹ gé kù lọ́jọ́sí, ṣé ẹ wá sọ fún mi, àbí ṣe lẹ ní mo sanra?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, màmá náà ní, “Sìkírá ń bọ̀ níbí lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú ọmọ tiẹ̀ lọ.”

Bí mo ṣe di olórí nìyẹn. Mo lọ kàwé sí i nírọ̀lẹ́ ní Yaba, nínú ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ kéékèèké. Èmi nìkan ni ọkùnrin níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó ń kọ́ wa fi ọwọ́ júwe ìta fún mi, ó ní, “Ẹ̀yìn ilé ni ti àwọn mẹkáníìkì.” Mo ní kò burú Mà, mo jókòó. Nígbà tí a parí, òun ló rán àwọn ẹlòmíràn wá wo jẹ́lé-ó-sinmi wa. Àwọn tó ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Mushin ń wá báyìí, wọ́n ń béèrè bí a ṣe ń mọ ọmọ tó ti tó. Mo máa ń sọ fún wọn pé a kì í wọn etí. A máa ń wò ó bóyá ó lè bọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀, bóyá ó lè pa àlọ́ dé òpin, bí ìyá ẹ̀ bá lọ bóyá ẹkún rẹ̀ máa ń pẹ́. Bí kò bá tíì tó, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ṣì wà. Àwọn obìnrin méjì tí inú wọn ò dùn sí mi nígbà kan, àwọn náà ló ń sọ ọ́ fún àlejò báyìí kí n tó la ẹnu.

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Èkó. Ibi tí wọn ò ti mọ bàbá mi ni wọ́n ti gbé ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá ń lọ lójú títì Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó báyìí, àwọn ọmọ á ké pe Bọ̀ọ̀dá láti inú ilé, àwọn ìyá á yọjú, á sì pẹ́ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, nítorí ìkíni. Mo ti wá di ọmọ ibì kan. Màámi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké tó wọ́ tí mo kan ẹsẹ̀ wọn nígbà yẹn, ó ní, “Háà, ìwọ lo kan èyí? Ọlọ́run mọ ohun tó ṣe.”

Sìkírá lo ọdún rẹ̀ pé lọ́dọ̀ wa. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń ṣeré, ó ń jẹun. Nígbà tí àkókò tó, ó rìn lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Orí rẹ̀ dúró gangan, ọwọ́ rẹ̀ sì bo etí mọ́lẹ̀ pátápátá. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó ń ṣe dáadáa. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ṣùgbọ́n kò dá orin mọ́. Ní gbogbo ọdún yẹn, ẹlòmíràn ló ń ké e, òun á bá wọn gbè é, pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí mi ò mọ̀ mọ́ ọn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a. Ohun tí mo ṣe ni pé láràárọ̀, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, bí Màámi ṣe ń dákẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ á máa wò mí. Sìkírá náà á máa wò mí. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á ké e.

Ó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá láràárọ̀ báyìí, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí mi. Mo ṣì máa ń jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè orin yẹn ni mo jẹ ẹ́.